Omi ikọ́ tó ń gbé ọmọ lọ: kí ló dé tí mo ní ká dáwọ́ owó mọ́tò yẹn dúró

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń retí pé ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ ni n óò tún gbé dé lọ́sẹ̀ yìí, nítorí àwọn kan ṣì wà láàárín wa tí wọn kò tíì san ti ọdún tó kọjá. Ẹ fọkàn balẹ̀, a óò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tó wà nílẹ̀ lónìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sípàdé tó kọjá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá kan dìde láàárín wa, ọkùnrin tá a ti mọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, tí kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rí. Ó ní ká jọ̀ọ́, ká bá òun dá owó mọ́tò, òun fẹ́ dá ọmọ òun ọkùnrin padà sílé, sí Ogbómọ̀ṣọ́, nítorí pé oògùn ikọ́ ni ọmọ náà ń mu bí ẹni ń mu omi. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì jókòó tí àwọn èèyàn ti ń tọwọ́ bọ àpò. Èmi ni mo ní ká dúró ná. Inú bí àwọn kan sí mi, ìyá wa kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé mo ti gbàgbé ohun tí ojú ń rí lórí ọmọ ni. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́jọ́ náà, n kò ráyè ṣàlàyé. Àlàyé mi rèé. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ohun tó wà nínú oògùn ikọ́ yẹn tó ń yí àwọn ọmọ wa lórí ni wọ́n ń pè ní kóòdíìnì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òyìnbó kan ló jókòó sínú ilé iṣẹ́ tó po ó pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ewéko ló ti wá. Òdòdó kan ni wọ́n ń pè ní pópì, ó dára lójú, òmíràn funfun, òmíràn pupa, òmíràn sì ní àwọ̀ elésè àlùkò. Bí òdòdó náà bá ti rẹ̀ dànù, orí rẹ̀ á ṣẹ́ kù sórí igi, á rí roboto, á tóbi tó ẹyin ẹyẹlé tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àgbẹ̀ á fi abẹ́ há orí náà lára, oje funfun á máa sun jáde bí oje ìbẹ́pẹ dídú. Tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, oje náà á ti dúdú díẹ̀, á ti máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, wọ́n á wá fi nǹkan ha á kúrò. Oje yẹn ni ọ́píọ̀mù tí ẹ máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìròyìn. Ẹni tó bá ti dé oko rọ́bà rí lápá ìpínlẹ̀ Edo, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára igi rọ́bà náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko ti pópì kì í ga ju ẹ̀jìká èèyàn lọ.

Inú oje yẹn ni oríṣiríṣi èròjà kíkorò wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní álíkálọ́ìdì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Àtàwọn bàbá wa ni wọ́n ti ń jẹ álíkálọ́ìdì. Obì tí wọ́n ń kó wá sí Kánò níbí, èyí tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ ojú irin láti Èkó àti Agége lẹ́yìn tí reluwé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé ìlú yìí ní 1912, álíkálọ́ìdì ló wà nínú rẹ̀ tí awakọ̀ òru fi ń jẹ ẹ́ kí oorun má baà gbé e lọ. Kaféènì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ti kíníìnì tí wọ́n fi ń wo ibà wà, ó korò bí èébì. Ti inú tábà náà wà. Àwọn ewéko ló ń ṣe nǹkan kíkorò wọ̀nyí fúnra wọn kí kòkòrò àti ẹranko má baà jẹ wọ́n tán. Ohun tí a fi ń sọ pé ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà fi obì là ní ilẹ̀ Haúsá, álíkálọ́ìdì la fi là! Àmọ́ ti obì ń lani lójú ni. Ti pópì, ó ń pa ojú ẹni dé ni.

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ oògùn ní ìlú Paderborn ní Jámánì ló kọ́kọ́ yọ èyí tó lágbára jù nínú oje náà jáde, ní nǹkan bí ọdún 1804 sí 1805. Friedrich Sertürner ni orúkọ rẹ̀, kò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélógún sí méjìlélógún lọ. Ó pè é ní orúkọ òrìṣà àlá àwọn Gíríìkì, òun ló di mọ́fíìnì. Nígbà tó yá, ó fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta jẹ, òun náà jẹ ẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ṣẹ́ kù kí gbogbo wọn bá a lọ. Ẹ máa rántí pé ọmọ iṣẹ́ ni Sertürner nígbà náà, torí pé mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ tèmi.

Ní ọdún 1832, onímọ̀ oògùn kan ní Faransé, Pierre Jean Robiquet, ń ṣe àyẹ̀wò lórí bí wọ́n ṣe ń yọ mọ́fíìnì, ló bá rí òmíràn níbẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi ń pe orí pópì, ó fi sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn kóòdíìnì. Kóòdíìnì kò pọ̀ nínú oje náà. Bí mọ́fíìnì bá jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ti kóòdíìnì kì í sábà ju ìdá kan sí mẹ́ta lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdíìnì tó wà ní ayé lónìí, mọ́fíìnì ni wọ́n yí padà di òun nílé iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo oko pópì ló jẹ́ oko ọ̀daràn o. Íńdíà ń gbìn ín lábẹ́ òfin, Tọ́kì ń gbìn ín, Tasmania lọ́dọ̀ àwọn ará Ọsirélíà ń gbìn ín, nítorí oògùn ilé ìwòsàn. Ti Afghanistan ni ìjọba Taliban fòfin dè ní oṣù kẹrin ọdún 2022.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, torí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ní 1898, ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì mú mọ́fíìnì, wọ́n yí i padà díẹ̀, wọ́n sì ń tà á fáráyé pé oògùn ikọ́ ni. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n fún un? Heroin. Èyí tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ju èèyàn sẹ́wọ̀n káàkiri ayé lónìí, oògùn ikọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oògùn ikọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dani láàmú ní Kánò.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara? Kóòdíìnì fúnra rẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá dé inú ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀dọ̀ á yí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sí mọ́fíìnì. Mọ́fíìnì yìí á wá lọ sínú ọpọlọ, á bá àwọn ibì kan pàdé níbẹ̀ tó bá a mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Ìrora á lọ sílẹ̀, ọkàn á balẹ̀, gbogbo gbèsè tí ẹni náà jẹ á dà bíi pé ẹlòmíràn ló jẹ ẹ́. Ibẹ̀ náà ni ìkà rẹ̀ wà. Ibi tó ń rántí fún wa pé ká mí nínú ọpọlọ, ó ń pa òun náà lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá mu ún ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní pariwo, kò ní jà, á kàn sùn ni, èémí rẹ̀ á máa fà díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní fà mọ́. Tó bá wá lọ jẹ́ pé ó fi ọtí tàbí oògùn oorun lé e, ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀dọ̀ èèyàn kò sì dọ́gba. Àwọn kan wà tí ẹ̀dọ̀ wọn kì í yí i padà rárá, wọ́n á mu ún, ìrora wọn kò ní lọ. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn ń yí i padà wàrà-wàrà, ìwọ̀nba tí kò ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan lè gba ẹ̀mí wọn. Ojú lásán kò lè fi mọ irú ẹ̀dọ̀ tí ọmọ rẹ ní. Ìdí rèé tí àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fi sọ ní ọdún 2017 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, tí wọ́n sì ní kí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú má lò ó. Èyí tó tún wá pani lẹ́rìn-ín pani lẹ́kún ni pé fún ikọ́ ọ̀fìnkìn lásán, àwọn dókítà tó wádìí rẹ̀ kò rí i pé ó fi bẹ́ẹ̀ sàn ju omi dídùn tí kò ní oògùn kankan nínú lọ.

N kò ní kẹ́ ẹ máa bú òdòdó náà ṣá o. Ẹni tó bá ti jókòó ti oníjẹjẹrẹ rí lóru, tó gbọ́ igbe rẹ̀, mọ ohun tí mọ́fíìnì jẹ́. Ní UCH Ìbàdàn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n mú ìrora àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́ rọlẹ̀ lọ, mọ́fíìnì olómi sì wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tèmi kò sí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni, tèmi. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ pé kẹ́míìsì ni mo ń tà kó tó di pé mo bọ́ sídìí ọjà mìíràn. Ní 1996 ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Sabon Gari. Ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá ni mo ní, mo sì gba ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún irú àwa bẹ́ẹ̀, pé ká máa ta oògùn orí fífọ́, oògùn ibà, oògùn aràn, báńdéèjì àti òwú. Kóòdíìnì kò sí nínú ohun tí ìwé yẹn ní kí n tà. Òfin ní ẹni tó kàwé oògùn gboyè ló gbọ́dọ̀ tà á, oníbàárà á sì mú ìwé dókítà dání. Mo ń tà á. Gbogbo wa là ń tà á ní òpópónà yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹnì kan ní ìwé.

Níbẹ̀rẹ̀, páálí kan lè pẹ́ lọ́wọ́ mi tó oṣù kan. Nígbà tó fi máa di 2008, mo ń ra páálí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo rí i pé àwọn tó ń rà á kì í wúkọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á wá ní méjìméjì, wọ́n á máa yún imú, wọ́n á máa họ ara, ẹyin dúdú inú ojú wọn á ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Wọn kì í dúró gba ṣéńjì. Àwọn ìyàwó ilé náà ń rán ọmọ kékeré wá, owó á wà ní dídì nínú nylon, orúkọ oògùn náà nìkan ni ọmọ náà á mọ̀ ọ́n pè. N óò tà á fún wọn. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí n kò bá tà á, ẹni tó wà lódìkejì á tà á. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi, mo ti ń bú ara mi tipẹ́.

Ní 2009 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ́dọ̀, kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni. Ọmọ tó mọ ìṣirò, tó lè jókòó ti ọjà láti àárọ̀ dalẹ́ láìjẹ nǹkan, tó sì máa ń kí èèyàn lórí ìkúnlẹ̀ débi pé àwọn Haúsá tó ń rajà lọ́wọ́ wa máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ tiwọn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé ikọ́ kan tó ṣe é nígbà ọyẹ́ ló kọ́kọ́ tìtorí rẹ̀ ṣí ìgò kan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé ìgò kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú ikọ́ mọ́, pé ọjọ́ tí mo pariwo mọ́ òun lójú oníbàárà nítorí owó tó dín lòun mu ún.

Ìṣirò ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mo fura sí gbogbo èèyàn àyàfi òun. Kì í lè yàgbẹ́, á máa ní inú ń kún òun, mo ń fún un ní oògùn inú. Ẹ wò ó, kóòdíìnì máa ń so ìfun pọ̀, àwọn dókítà ìgbà kan tiẹ̀ máa ń fi wo ìgbẹ́ gbuuru. Mo ń ta oògùn, n kò mọ̀. Tí kò bá rí i mu, á máa yán ṣáá, imú rẹ̀ á máa dà, gbogbo egungun á máa dùn ún, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Ibà ni mo pe ìyẹn, mo fún un ní oògùn ibà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ọdún 2014, ìyàwó mi lọ jí i kó wá jẹun. Kò jí. Ètè rẹ̀ ti dúdú, ó ń mí lẹ́ẹ̀kan, á pẹ́ gan-an kó tó tún mí. A fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà ọ̀dọ́ kan ṣí ojú rẹ̀ wò, ó bi mí ní Haúsá pé kí ló mu. Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ ni mo pa fún un, mo ti rí àwọn ìgò náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi ló sọ òótọ́. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ naloxone, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọmọ náà la ojú, ó ń bínú pé ta ló jí òun. Mo ti kà lẹ́yìn ìgbà náà pé láti ara álíkálọ́ìdì mìíràn tó wà nínú pópì kan náà ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ yẹn. Ohun tó ń pani àti ohun tó ń jíni, orí òdòdó kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti wá.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ohun tó sọ ni ohun tí bàbá wa yẹn sọ nípàdé. Ó ní, "Àbúrò mi, dá a padà sílé fún mi. Kánò ló bà á jẹ́." Mo dá a padà. Mo fúnra mi mú un dé Ogbómọ̀ṣọ́. Kò lo oṣù mẹ́rin kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ní gáréèjì ló ti ń rà á, kò sì wọ́n ju ti ibí lọ. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ní òun máa ń wo irú rẹ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ó mọ́lẹ̀, wọ́n ń nà án. Ojú àpá rẹ̀ wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dòní.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Àwa tí a wà lókè ọya máa ń sọ láàárín ara wa pé àwọn ará ibí ló ń mu oògùn, pé ilé mọ́. Ní 2017, wọ́n sọ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá pé mílíọ̀nù mẹ́ta ìgò oògùn ikọ́ oníkóòdíìnì ni wọ́n ń mu ní Kánò àti Jigawa lójoojúmọ́. Iye yẹn pọ̀ ju ohun tí mo lè gbà gbọ́ lọ, àmọ́ bí ẹ bá gé e sí méjì, kẹ́ ẹ tún gé e sí méjì, ó ṣì burú. Ọ̀rọ̀ yìí wọ gbogbo èèyàn létí, a sì gbà pé ọ̀rọ̀ Kánò ni. Nígbà tó wá di ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà, èyí tí àjọ UNODC àti àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe fún ọdún 2018, kí ni wọ́n rí? Nínú gbogbo àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti sìgá mọ́ ọn, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn. Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Kánò wà, ìdá 12 ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ìdá 22.4 ni! Òun ló ga jù ní gbogbo Nàìjíríà. Ti Èkó nìkan jẹ́ ìdá 33. Òótọ́ ni pé igbó ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń mu oògùn ikọ́ láìṣàìsàn ní gbogbo orílẹ̀-èdè ń lọ sí mílíọ̀nù 2.4.

Ẹ sọ fún mi nígbà náà, níbo là ń dá ọmọ náà padà sí?

Ọ̀rọ̀ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú èèyàn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún sílẹ̀ nínú ilé kan ní Rigasa ní Kàdúná, wọ́n so àwọn kan nínú wọn mọ́lẹ̀, àwọn òbí ni wọ́n sì mú ọ̀pọ̀ wọn lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n lọ tún ìwà ṣe. Gbogbo wa ní Sabon Gari la mi orí pé ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbí. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tú èèyàn tó lé ní igba sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mi orí lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn kan máa sọ pé ìjọba ti fòfin de kóòdíìnì, kí ni mo tún ń sọ. Lóòótọ́ ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2018, BBC gbé fíìmù kan jáde tó fi bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn ta oògùn yìí hàn, lọ́jọ́ kejì gan-an ni mínísítà ètò ìlera nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole, pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa ṣe oògùn ikọ́ oníkóòdíìnì mọ́, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa kó o wọlé. Àjọ NAFDAC, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ti ilé iṣẹ́ oògùn mẹ́ta pa fún ìgbà díẹ̀ nínú oṣù karùn-ún. Ẹ ò ní gbàgbé pé méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Ìlọrin, ẹ̀kẹta sì wà ní Èkó. Kò sí ìkankan ní Kánò. Òfin yẹn dára, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kó wọ́n, ó sì jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ tà á máa fara pa mọ́. Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọn kò ka òfin. Tí kò bá rí olómi, á wá oníhóró, tramadol ni wọ́n sáré lọ bá, òun náà sì ń di ibi kan náà mú nínú ọpọlọ. Ọmọ bàbá tó wá bá wa yẹn, ọdún mélòó ló ti kọjá tí wọ́n ti fòfin dè é? Ṣebí ó ṣì ń rí i mu.

Ohun tó ran ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ kò lágbára láti sọ bí ìtàn. Mo mú un padà wá sí Kánò ní 2016. Mo ti ta ṣọ́ọ̀bù nígbà náà. A mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń wo àìsàn ọpọlọ nílé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé kò yẹ kó já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀, pé wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa fún un ní oògùn tó máa jẹ́ kó lè fara da ìrora ara. Wọ́n ní ká máa bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo ń tẹ̀ lé e. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún méjì, ìgbà kejì ló burú jù, torí pé ara rẹ̀ kò lè gba iye tó ń mu tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì fẹ́ mu iye yẹn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó ti fi í sílẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì tó wá padà sídìí rẹ̀, òun ni ikú wà nítòsí rẹ̀ jù. Ìdí mìíràn nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọmọ mọ́lé fún oṣù mẹ́ta, kó wá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ó ti sàn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ nípàdé rèé. Kí a dá owó náà, àní kí a dá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kí ó má jẹ́ owó mọ́tò. Kó jẹ́ owó tí bàbá náà máa fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà fún oṣù mẹ́fà, àti owó tí ọmọ náà fi máa wọ kẹ̀kẹ́ lọ, wọ̀ ọ́ bọ̀. Kí a yan èèyàn méjì tí wọ́n á máa tẹ̀ lé e lọ ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò bá lè kúrò lọ́jà. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé tójú ń tì í láti sọ, àjọ NDLEA ní nọ́ńbà kan téèyàn lè pè nígbàkigbà láìsan owó, 0800 1020 3040, ìmọ̀ràn ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ọmọ tó sùn tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ jìnnà síra, ẹ má da omi sí i lórí, ẹ má fi epo sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọlẹ̀, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Mo sì mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ṣì ń ta nǹkan yìí lábẹ́ kántà. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù méjì. N kò ní dárúkọ yín nínú ìwé ìròyìn, ọmọ ilé yín ni mí, mo sì ti ṣe é rí. Ẹ wá bá mi nílé kó tó di ọjọ́ ìpàdé.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù yìí ni ìpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ibi tá a ti máa ń ṣe é náà ni. Mo ti bẹ bàbá náà pé kó mú ọmọ rẹ̀ dání, ó gbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ń bọ̀. Ó ń tún fóònù ṣe báyìí, ó sì ti níyàwó. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ síbí, ó ní kí n má fi í sí i, pé tó bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun fúnra òun máa dìde, òun á sì sọ orúkọ òun.